«Petit calibre»: ìtàn kátíríìjì kéékèèké inú ìbọn ìléwọ́ oníyípo láti 1845

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Abuja láti dá ọwọ́ ìbọn tí ń kiri ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dúró. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀dà Faransé àti ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí i pé orúkọ wọn kò dọ́gba. Gẹ̀ẹ́sì ní «small arms and light weapons»: ohun ìjà kéékèèké àti ohun ìjà fífúyẹ́. Faransé ní «armes légères et de petit calibre»: ohun ìjà fífúyẹ́ àti èyí tí calibre rẹ̀ kéré. Calibre ni bí ihò ìbọn ṣe fẹ̀ tó. Ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rárá ti wọ inú ti Faransé, ó sì ń tọ́ka sí ohun tí òfin náà kò ní lọ́kàn. Nígbà tí a bá ṣí ìwé náà, a óò bá ìbọn ìléwọ́ oníyípo nínú «petit calibre», a óò sì bá ìbọn àwọn ológun tí ń rọ̀jò ọta níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí a bá sì bi oníṣòwò ìbọn kan ní Saint-Étienne tàbí ní Liège, ohun mìíràn ni «petit calibre» yóò jẹ́ lẹ́nu rẹ̀: ọta tí kò fẹ̀ ju hóró ẹ̀wà lọ, èyí tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò le lè yìn láìsí pé ọrùn ọwọ́ ń dùn ún. Ìtàn èyí ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín: bí àwọn ènìyàn ṣe yan kátíríìjì kéékèèké fún ìbọn tí ń wọ àpò, ohun tí ó mú wọn yàn án, àti bí orúkọ tí wọ́n fún àwọn kátíríìjì náà ṣe bo ìdí yẹn mọ́lẹ̀. Ó kan àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ èdè, pàápàá nígbà tí a bá pè wá láti túmọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́.

Kí n kọ́kọ́ yanjú àwọn ọ̀rọ̀ tí n ó lò. Yorùbá máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní «ọta». Ṣùgbọ́n Faransé ya balle sọ́tọ̀ kúrò lára cartouche, ìtàn yìí kò sì ní yé wa bí a kò bá ya wọ́n. Nítorí náà, «ọta» ni òjé tí ń fò jáde nìkan. «Kátíríìjì» ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ìyẹn ọta, ẹ̀tù, oògùn tí ń gbiná nígbà tí a bá lù ú, àti èèpo bàbà tàbí idẹ tí ó kó wọn pọ̀. Ìbọn ìléwọ́ oníyípo, tí n ó máa pè ní rìfọ́fà, ní irin róbótó kan tí a lu ihò márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje sí. Kátíríìjì kọ̀ọ̀kan wà nínú ihò tirẹ̀, irin náà sì ń yí. Barillet ni Faransé ń pè é, àgbá kékeré, nítorí náà «àgbá» ni n ó pè é. Nígbà tí ọta bá sì lọ síwájú, ìbọn a ta padà sẹ́yìn sí ọwọ́ ẹni tí ó yìn ín. Èyí ni mo pè ní ìtapadà.

Kátíríìjì onírin tó kéré jù lọ nínú ìtàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ bí ohun ìjà rárá. Ní 1845, Louis-Nicolas Flobert, oníṣẹ́ ìbọn kan ní Paris, mú fìlà bàbà kékeré tí oògùn wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi tan iná ìbọn nígbà náà, ó fi ọta róbótó kan dí ẹnu rẹ̀. Ẹ̀tù kankan kò sí níbẹ̀. Oògùn inú fìlà nìkan ni ó ń ti ọta náà jáde. Wọ́n ń fi í ṣeré nínú ilé, wọ́n ń yìn ín sí ojú àmì ní pálọ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pe ìbọn náà ní carabine de salon. Orúkọ Flobert sì wà lẹ́nu àwọn Faransé títí di òní fún ìbọn kéékèèké 6 mílímítà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Horace Smith àti Daniel Wesson, mú èrò yẹn, wọ́n fa èèpo rẹ̀ gùn díẹ̀, wọ́n bu ẹ̀tù sí i. Rìfọ́fà wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1857: oníhò méje, ọta rẹ̀ kò ju giramu méjì lọ, ẹ̀tù dúdú inú rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́ta giramu. .22 Short ni a ń pe kátíríìjì náà nísinsìnyí, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Ọdún tí wọ́n yàn kì í ṣe kòńgẹ́. Ẹ̀tọ́ tí ìjọba fún Samuel Colt lórí rìfọ́fà parí ní 1857, Smith àti Wesson sì ti ra àyè láti lo ẹ̀tọ́ ọkùnrin mìíràn, Rollin White, tí ó gba tirẹ̀ ní 1855 lórí àgbá tí ihò rẹ̀ là já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Láìsí ihò tí ó là já, a kò lè ki kátíríìjì bọ inú àgbá láti ẹ̀yìn. Wọ́n ń san sẹ́ńtì 25 fún White lórí ìbọn kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí ó yẹ kí a dúró lé lórí ni ìdí tí kátíríìjì náà fi kéré. Òǹkọ̀wé púpọ̀ a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n yàn án nítorí pé ó rọrùn láti yìn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú irú kátíríìjì yìí, inú etí ìdí èèpo ni oògùn wà, ohun tí ń lù ú sì gbọ́dọ̀ lè tẹ etí náà wọlé kí ó tó gbiná. Nítorí náà etí náà gbọ́dọ̀ tinrín. Bàbà tinrín kò sì lè gba agbára ẹ̀tù púpọ̀; bí ẹ̀tù bá pọ̀, èèpo a wú, a sì dí àgbá lọ́wọ́ yíyí. Bàbà ni ó yàn fún wọn. Ọwọ́ tí yóò di ìbọn mú kò tíì sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1861, ọ̀pọ̀ sójà fi owó ara wọn ra ìbọn kékeré yìí sínú àpò, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn ní Amẹ́ríkà tí òfin gbà láyè láti ṣe irú rẹ̀.

Ní Faransé, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Kátíríìjì Lefaucheux ní ìṣó kékeré kan tí ó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀, ìṣó náà ni òòlù ìbọn ń lù. Ọmọ-ogun ojú omi Faransé gba rìfọ́fà oníṣó 12 mílímítà ní 1858, ṣùgbọ́n àwọn aráàlú ní Paris àti Liège ra ti 7 mílímítà àti 5 mílímítà sínú àpò. Ìṣó yẹn léwu bí kátíríìjì bá já bọ́ sílẹ̀, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tọ́ White parí ní 1869, tí àwọn oníṣẹ́ ìbọn sì gbé oògùn kúrò ní etí lọ sí àárín ìdí èèpo, èèpo idẹ tó nípọn di ohun tí ó ṣeé ṣe. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ kátíríìjì ńlá lè rí i. Ẹni tí ó bá yan kékeré, òun ni ó yàn án.

Kí ni àwọn ènìyàn wá yàn? Ní 1878 Smith & Wesson mú kátíríìjì .32 S&W jáde fún ìbọn àpò: ọta giramu márùn-ún àti ààbọ̀, tí kò yára púpọ̀. Ìbọn tí ó ń lo kátíríìjì yìí pọ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ yanturu, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Ní Faransé, ní ìparí ọ̀rúndún náà, Charles-François Galand ṣe Velo-Dog, rìfọ́fà kékeré fún àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́, nítorí pé ajá máa ń lé wọn lójú ọ̀nà ìgbèríko. Ọta rẹ̀ kò tó mílímítà mẹ́fà. Orúkọ náà yẹ fún kíláàsì wa: «vélo» láti inú vélocipède, «dog» láti inú Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Faransé ní chien tirẹ̀. Bull Dog ni Webley ti ń pe rìfọ́fà kúkúrú tirẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1872, orúkọ náà sì ti di ìpolówó ọjà káàkiri Yúróòpù. Ajá tí ó wà nínú orúkọ Webley ni ìbọn fúnra rẹ̀. Ajá tí ó wà nínú ti Galand ni ẹni tí wọ́n fẹ́ yìnbọn fún. Kátíríìjì kan náà tún ní orúkọ méjì, 5,5 fún àwọn kan, 5,75 fún àwọn mìíràn, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára rẹ̀.

Lásìkò yìí kan náà, ibo ni ìtàn yìí wà ní ilẹ̀ wa? Ní 1886, ọdún tí ọmọ-ogun Faransé gba ìbọn Lebel, ìbọn gígùn 8 mílímítà tí ń lo ẹ̀tù aláìléèéfín, ni ọmọ-ogun Dànhòmẹ̀ pa Kétu run. Ìbọn 11 mílímítà ni Faransé ń lò ṣáájú Lebel, nítorí náà «petit calibre» lẹ́nu àwọn ológun ìgbà yẹn jẹ́ ìbọn ogun tó lágbára jù lọ láyé. (Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá tún ka orúkọ àdéhùn 2006.) Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1890, àwọn alágbára ayé fọwọ́ sí Àdéhùn Brussels. Òfin tí ó gbógun ti òwò ẹrú ni, ṣùgbọ́n ó tún ka ìbọn òde òní àti kátíríìjì léèwọ̀ fún Áfíríkà láàárín ìlà 20 ní àríwá àti ìlà 22 ní gúúsù. Ìbọn olókùúta-iná tí ihò rẹ̀ dán, èyí tí a ń pè ní ṣakabùlà, àti ẹ̀tù lásán nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjà. Àyè sì wà nínú òfin náà fún arìnrìn-àjò tí ìjọba rẹ̀ bá kọ̀wé pé ìbọn ọwọ́ rẹ̀ wà fún ìdáàbòbò ara rẹ̀ nìkan. Ìbọn àpò lè wọlé nínú àpò òyìnbó, kò sì lè jáde kúrò níbẹ̀.

Mo rò pé èyí ṣàlàyé nǹkan kan nínú èdè wa. Yorùbá lọ́rọ̀ dáadáa nípa ìbọn tí a ń ki láti ẹnu: ìbọn, ẹ̀tù, ọta, kí kì, yíyìn. Àwọn ọdẹ wa ń lò wọ́n lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé orí kátíríìjì, ọ̀rọ̀ a máa di àyálò, ti Gẹ̀ẹ́sì lápá kan ààlà, ti Faransé lápá kejì. Kì í ṣe pé èdè wa kò lè sọ ọ́. Ẹni tí ń ki ìbọn láti ẹnu kò nílò orúkọ kan tí yóò kó ọta, ẹ̀tù àti oògùn pọ̀, nítorí pé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dé ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí ó kó wọn pọ̀, wọ́n ka á léèwọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Amẹ́ríkà, nítorí pé ibẹ̀ ni yíyàn náà ti di ọ̀rọ̀ ìjọba. Láti 1895 Theodore Roosevelt, tí ó padà di ààrẹ, ni alága ìgbìmọ̀ ọlọ́pàá New York. Ìbọn oríṣiríṣi ni àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ ń gbé, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ ọ́n yìn. Ó ṣètò ẹ̀kọ́ ìbọn yíyìn fún wọn, nígbà tí ó sì di 1896 wọ́n yan rìfọ́fà kan ṣoṣo fún gbogbo wọn: Colt New Police, .32. Ọta ńláńlá wà nígbà náà, .44 àti .45 tí àwọn ológun ń lò. Wọ́n ń kọ́ ẹni tí kò mọ ìbọn yìn, wọ́n sì fún un ní ìbọn tí kò ní ta ọwọ́ rẹ̀ sókè. Níbi tí mo ti wo ọ̀rọ̀ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ilé-iṣẹ́ ìjọba ńlá kan gbé ẹ̀kọ́ ìbọn yíyìn àti kátíríìjì onítapadà kékeré kalẹ̀ pọ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni Smith & Wesson gbé .32 S&W Long jáde, ọta giramu mẹ́fà àti díẹ̀. Colt ń ta rìfọ́fà tí ó ń lo kátíríìjì yìí gan-an, ṣùgbọ́n kò ní kọ orúkọ alátakò sí ara ìbọn rẹ̀. Ó tẹ́ orí ọta náà pẹrẹsẹ díẹ̀, ó sì pè é ní .32 Colt New Police. Èèpo kan náà, ihò kan náà, orúkọ méjì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí .38 S&W pẹ̀lú. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé Colt ni wọ́n wò níhìn-ín, wọn kò wo ọmọ. Nọ́ńbà náà kò sì ṣeé gbára lé. Ọta «.38» Special jẹ́ .357 ínǹṣì, torí pé .38 ni fífẹ̀ èèpo àwọn kátíríìjì àtijọ́ tí ó gba orúkọ náà, kì í ṣe ti ọta òní. Kátíríìjì tí John Browning ṣe fún ilé-iṣẹ́ FN ní Bẹ́ljíọ̀mù ń jẹ́ 7,65 ní Yúróòpù àti .32 ní Amẹ́ríkà; ọta inú rẹ̀ fẹ̀ tó 7,9 mílímítà. Ẹni tí ó bá fi orúkọ nìkan wá kátíríìjì nínú ìwé yóò ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kékeré túmọ̀ sí pé kò léwu. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1901, ní Buffalo, Leon Czolgosz yìnbọn lu ààrẹ William McKinley pẹ̀lú rìfọ́fà Iver Johnson .32, irú ìbọn olówó pọ́ọ́kú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. McKinley kú lọ́jọ́ kẹjọ. Roosevelt ni ó gba ipò rẹ̀.

Báyìí, ìtapadà fúnra rẹ̀. Láti 1687 ni Newton ti kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀: ìbọn gba ẹ̀yìn bí ọta ti gba iwájú. Bí a bá sọ ìwọ̀n ọta di ìlọ́po eré rẹ̀, a rí agbára ìtì tí ìbọn yóò gbà. Agbára tí ọwọ́ yóò fara dà sì ń dàgbà ní ìlọ́po ìtì náà pẹ̀lú ara rẹ̀, ó sì ń dínkù bí ìbọn bá ṣe wúwo tó. Mo ṣe ìṣirò náà fún rìfọ́fà irin tí ó wúwo tó giramu 550, mo fi ìtì ẹ̀tù sílẹ̀ kí ó lè rọrùn. Kátíríìjì .38 Special tó wọ́pọ̀, ọta giramu 10,2 tí ń lọ ní mítà 230 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ń dá joule márùn-ún padà sí ọwọ́. .32 S&W Long, ọta giramu 6,35 ní mítà 215, kò dá ju 1,7 lọ. Agbára tí ọta .32 gbé lọ síwájú fi díẹ̀ ju ìdajì ti .38 lọ, ṣùgbọ́n ìtapadà rẹ̀ jẹ́ bí ìdá mẹ́ta. Ohun tí ẹni tí ó yan kékeré pàdánù kéré sí ohun tí ó jèrè. Tí a bá tún wo àgbá, níbi tí .38 márùn-ún gbà, .32 mẹ́fà gbà.

Bí ó ti dára tó yìí, .38 ni ó borí. Ìdí méjì ni mo rí. Èkíní ni iṣẹ́ ọlọ́pàá: nínú ọ̀rúndún 20, .38 Special bẹ̀rẹ̀ sí gba ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ aráàlú sì ń ra ohun tí ọlọ́pàá bá ń gbé. Èkejì ni orúkọ. Ní 1902 Smith & Wesson ṣe rìfọ́fà .22 kékeré kan, wọ́n sọ ọ́ ní Ladysmith. «Lady» ni obìnrin, «Smith» sì ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é ní 1921, ṣùgbọ́n èrò tí ó wà nínú orúkọ náà kò ṣíwọ́: pé ìtapadà kékeré jẹ́ ti obìnrin, pé ọkùnrin tí ó bá yàn án ń jẹ́wọ́ àìlera. Ní 1935 ni .357 Magnum dé. Àwa tí a ka ìwé Faransé mọ magnum: ìgò wáìnì ńlá tí ń gba lítà kan àti ààbọ̀. Orúkọ ìgò ni wọ́n fi sọ kátíríìjì. Kò sọ ìwọ̀n ọta, kò sọ eré rẹ̀. Ó kàn sọ pé èyí pọ̀ ju tẹ̀yìn lọ.

Ìyà àṣìyàn náà kò tètè hàn, nítorí pé irin wúwo. Rìfọ́fà Chiefs Special tí Smith & Wesson ṣe ní 1950, oníhò márùn-ún, .38 Special, wúwo tó nǹkan bí giramu 550. Ọwọ́ lè fara dà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe ara rẹ̀, ó sì wálẹ̀ sí giramu irínwó àti díẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi titanium ṣe àgbá, wọ́n sì po scandium mọ́ alumíníọ̀mù ara ìbọn. Rìfọ́fà tí a lè yin .357 Magnum nínú rẹ̀ wá di giramu 340, kò wúwo tó búrẹ́dì gígùn méjì. Ẹ tún ìṣirò náà ṣe. .38 tí ó dá joule márùn-ún padà nínú irin ń dá mẹ́jọ padà níbí. Magnum, ọta giramu 8,1 ní mítà 380, ń dá mẹ́rìnlá, mi ò sì tíì ka ẹ̀tù mọ́ ọn. Ìtapadà náà le débi pé òjé tí kò dì múṣinṣin máa ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú èèpo àwọn kátíríìjì tí a kò tíì yìn, títí tí orí wọn fi yọ síta tí àgbá kò fi ní yí mọ́. Ohun tí bàbà ṣe ní 1857 nígbà tí ẹ̀tù pọ̀ jù, ìtapadà ti ń ṣe é báyìí.

Níhìn-ín ni àwọn tí ń gbé ìbọn kékeré ti bẹ̀rẹ̀ sí padà sí kátíríìjì tí wọ́n ti fi ṣẹ̀sín. Àwọn kan mú kátíríìjì .38 tí a ṣe fún ìdíje, tí orí ọta rẹ̀ tẹ́ bí ìdérí ìgò: giramu 9,6 ní nǹkan bí mítà 195, joule márùn-ún nínú ìbọn giramu 340. Ìyẹn ni pé ó dá ìbọn fífúyẹ́ padà sí bí irin 1950 ṣe rí lọ́wọ́. Àwọn kan mú .22, tí kò tó joule kan. Ṣùgbọ́n ìṣòro 1857 ṣì wà lára .22: inú etí ni oògùn wà síbẹ̀, kì í sì í tàn kálẹ̀ dọ́gba nígbà gbogbo. Òòlù gbọ́dọ̀ lù ú gidi, nítorí náà ohun tí ìka ń fà máa ń le ju ti .38 lọ, kátíríìjì kan láàárín ọ̀pọ̀ a sì máa kọ̀ láti gbiná. Ẹni tí ìka rẹ̀ kò lágbára, tí a sọ fún pé kí ó mú .22 nítorí ìtapadà, lè rí i pé òun kò lè fà á.

Àwọn kan sì padà sí .32. Harrington & Richardson àti Federal ti gbé .32 H&R Magnum jáde ní 1984; èèpo .32 S&W Long tí a fà gùn ni. .327 Federal Magnum, tí ó tẹ̀ lé e, tún gùn jù ú lọ. Ẹni tí ó bá ra rìfọ́fà .327 lè ki .32 S&W ti 1878 sínú rẹ̀, ó lè ki Long ti 1896 sí i, ó lè ki H&R sí i, kí ó sì yan ìtapadà tí ọwọ́ rẹ̀ gbà bí ẹni yan ata sí ọbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú pé «Magnum» wọ orúkọ .32 náà wàyí; láìsí ọ̀rọ̀ yẹn, bóyá ọjà kò ní gbà á. Nínú ìdíje àgbáyé ìbọn ìléwọ́ mítà 25 ti ẹgbẹ́ ISSF, níbi tí òfin ti gba ọta láti 7,62 dé 9,65 mílímítà láyè, .32 S&W Long olórí títẹ́ ni ọ̀pọ̀ ayìnbọn tó mọṣẹ́ jù lọ láyé ń yàn. Kò sẹ́ni tí ń pe tiwọn ní ìbọn obìnrin.

Kí ni kí atúmọ̀ èdè ṣe wá? Bí ó bá gbé «petit calibre» ti àdéhùn 2006 sí Yorùbá bí ó ti rí, tí ó kọ «ìbọn oníhò kékeré», ará ọjà Àjàṣẹ́ yóò gbà pé ìbọn àpò ni òfin ń sọ, ẹni tí ó fi ìbọn ogun pamọ́ sí àjà yóò sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ìtumọ̀ wà nínú àdéhùn náà fúnra rẹ̀, ó sì sàn ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ohun ìjà tí ènìyàn kan ń lò ni ó fi sí ìhà kan, èyí tí ènìyàn púpọ̀ ń pawọ́ pọ̀ lò ni ó fi sí ìhà kejì. Mo dábàá «ohun ìjà adálò» àti «ohun ìjà àjùmọ̀lò». Ihò ìbọn kò sí nínú rẹ̀, bí kò ti sí nínú èrò àwọn tí ó ṣòfin.

Ní ti kátíríìjì, kí a fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ bí a ṣe rí i, Short, Long, Special, Police, Magnum, kí a má túmọ̀ wọn rárá. Bí a bá sọ Magnum di «Ńlá» tí a sọ Special di «Àkànṣe», a ti ń bá wọn polówó. Kí ìwé ìtumọ̀ fi ìwọ̀n sí iwájú orúkọ. Báyìí ni n ó kọ ọ́: kátíríìjì rìfọ́fà, ọta 7,9 mílímítà, giramu 6,35, mítà 215 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ó ń jẹ́.32 S&W Long, ó tún ń jẹ́ .32 Colt New Police.